Àìyípadà Ta Ni? Ẹjọ́ Àmì Abẹ́ Lẹ́tà Láti Èjìgbò

Bí ènìyàn bá gba inú ọjà Èjìgbò kọjá, tó sì yà sí ojú títì tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, yóò rí ìwé àlẹ̀mọ́ lára ògiri àti lára òpó iná: ti ìsìnkú ìyá àgbà, ti ìgbéyàwó, ti ìsọjí, ti ọdún Ògìyán, ti olóṣèlú tó ń wá ìbò. Orúkọ ènìyàn ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó rí èyí tí orúkọ náà pé. Ọlá ti di Ola. Ṣadé ti di Sade. Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, odò tí gbogbo ìpínlẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ti di Osun.

Bí wọ́n bá bi àwọn atẹ̀wé léèrè, ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kò gbà á. Orí gbólóhùn kékeré yìí ni ẹjọ́ wà. Àwọn tó ń sọ ọ́ ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò kì í rọ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, bí ẹni pé bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í gba nǹkan, kì í sì í kọ nǹkan. Ènìyàn ló jókòó, tó ṣa àwọn lẹ́tà tí ẹ̀rọ yóò mọ̀, tó kó wọn sínú àpótí, tó sì ti àpótí náà pa. Ohun tó sọ di àìyípadà lọ́jọ́ náà ni atẹ̀wé Èjìgbò ń pè ní ìwà kọ̀ǹpútà lónìí.

Ibi tí wọ́n ti ṣe é kò fara sin. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1982, John Warnock àti Charles Geschke dá ilé iṣẹ́ Adobe sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Ní 1984, wọ́n gbé èdè kọ̀ǹpútà kan jáde tí wọ́n pè ní PostScript. Iṣẹ́ èdè náà ni láti sọ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bí ojú ìwé yóò ṣe rí: ibi tí ìlà yóò gbà, bí lẹ́tà yóò ṣe tóbi tó, irú fọ́ǹtì tí yóò lò. Ní 1985, Apple fi í sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé LaserWriter. Láti ìgbà náà ni ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lórí tábìlì ti lè ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ pé ilé ìtẹ̀wé ńlá nìkan ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. PDF tí gbogbo ayé ń lò lónìí, tó jáde ní 1993, ọmọ bíbí inú PostScript ni.

Èdè yìí ní ìwà kan tó yẹ kí òǹkàwé mọ̀, nítorí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn yìí dúró lé. Èdè olókìtì ni. Ẹ wo olóúnjẹ inú ọjà tó to àwo lé ara wọn. Àwo tó gbé lé e kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ mú; kò lè fa ti ìsàlẹ̀ yọ láìkọ́kọ́ gbé ti òkè kúrò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni PostScript ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ènìyàn bá fẹ́ kí ó ro 3 pọ̀ mọ́ 4, yóò kọ 3, yóò kọ 4, lẹ́yìn náà ni yóò wá kọ add. Ẹ̀rọ yóò gbé 3 kalẹ̀, yóò gbé 4 lé e, nígbà tó bá kan add yóò mú méjèèjì kúrò, yóò rò wọ́n pọ̀, yóò sì gbé 7 sí ipò wọn. Forth, èdè tí Charles Moore ti ṣe ṣáájú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1970, irú ìwà kan náà ló ní.

Yàtọ̀ sí òkìtì tó ń kó nọ́ńbà sí, PostScript tún ní òkìtì mìíràn, èyí tó jẹ́ ti ìwé atúmọ̀. Inú àwọn ìwé atúmọ̀ wọ̀nyí ni ẹ̀rọ ti ń wá ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá rí. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń pè ní systemdict, ìwé atúmọ̀ ti ètò fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ohun àìyípadà wà: true, tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, false, tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, null, tó jẹ́ òfìfo. Ènìyàn lè ka ohun tó wà nínú systemdict, ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bá Adobe jà nítorí èyí. Ètò tí kò ní ohun àìyípadà dà bí ilé tí kò ní òpó. Bí bẹ́ẹ̀ ni bá lè di bẹ́ẹ̀ kọ́ láàrin ojú ìwé kan sí èkejì, iṣẹ́ kan kò ní ṣe é ṣe.

Ṣùgbọ́n nínú àpótí kan náà tí wọ́n tì pa yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtítọ́ àti irọ́, ni wọ́n tún fi nǹkan mìíràn sí. Orúkọ rẹ̀ ni StandardEncoding. Ìlà àga ni, àga 256, láti 0 dé 255. Orúkọ lẹ́tà tàbí àmì kọ̀ọ̀kan ní àga tirẹ̀, kí ẹ̀rọ lè mọ èyí tí yóò yà nígbà tí nọ́ńbà rẹ̀ bá dé. True jẹ́ àìyípadà nítorí pé ìlànà ìrònú ló sọ bẹ́ẹ̀. StandardEncoding jẹ́ àìyípadà nítorí pé àwọn ènìyàn kan nínú ọ́fíìsì kan pinnu bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni kí ènìyàn rí méjèèjì nínú àpótí kan, kí ó sì gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Orí àṣìṣe yìí ni àwọn tó ní kọ̀ǹpútà kò gbà á ti ń sùn láti nǹkan bí 40 ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí àpótí náà wò. Nínú àga 256, 149 ni wọ́n fi nǹkan sí, 107 ṣófo. Àga 193 ni àmì tí Yorùbá ń lò fún ohùn ìsàlẹ̀ wà, àga 194 ni ti ohùn òkè wà. Àwọn èdè Yúróòpù bíi Faransé ló mú méjèèjì débẹ̀. Oríire ni ó jẹ́ fún Yorùbá. Àga 199 ni ti àmì tóótó tí àwọn ẹlòmíràn ń fi sórí lẹ́tà. Àga 203 ni ti ìrù kékeré tí àwọn Faransé ń so mọ́ abẹ́ c. Àga 206 ni ti ìwọ̀ tí àwọn ará Póláǹdì ń so mọ́ abẹ́ a àti e. Àga 232 àti 248 ni L ńlá àti l kékeré tí àwọn ará Póláǹdì kan náà fa ìlà gba àárín wọn kọjá jókòó sí. Tóótó orí lẹ́tà wà níbẹ̀. Ìrù abẹ́ lẹ́tà wà níbẹ̀. Ìwọ̀ abẹ́ lẹ́tà wà níbẹ̀. Tóótó abẹ́ lẹ́tà, tí ẹ, ọ àti ṣ fi ń jẹ́ ara wọn, kò sí níbì kankan.

Àga 201 ṣófo. Àga 204 náà ṣófo. Àárín àwọn àmì tí wọ́n fún láyè gan-an ni méjèèjì wà, wọn kò sì fi ẹnikẹ́ni sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà àwọn tó ṣe é lè sọ pé àyè kò tó. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ, ńlá àti kékeré, jẹ́ 6. Ẹ àti ọ pẹ̀lú àmì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀, ńlá àti kékeré, jẹ́ 8. Fáwẹ́lì márùn-ún yòókù pẹ̀lú àmì ohùn méjèèjì, ńlá àti kékeré, jẹ́ 20. N àti m pẹ̀lú àmì ohùn méjèèjì, ńlá àti kékeré, jẹ́ 8. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 42. Àga 107 ló sì ṣófo. Bí wọ́n bá gba gbogbo ilé Yorùbá wọlé pátá, àga 65 ṣì máa ṣẹ́kù fún àlejò mìíràn.

Ó tún lè sọ pé ohun tuntun ni àmì abẹ́ lẹ́tà, pé ìròyìn rẹ̀ kò tíì dé California nígbà náà. Èyí náà kò dúró. Láti ayé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni wọ́n ti ń fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà nínú ìwé Yorùbá. Ní 1875, ìjọ CMS ṣe àpérò ní Èkó lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè náà. Ìyẹn jẹ́ ọdún 109 kí PostScript tó jáde. Ní 1974, ìjọba Nàìjíríà tún fọwọ́ sí àkọtọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé tún ṣe, èyí tí ilé ẹ̀kọ́ ń lò títí di òní. Èdè tí wọ́n ti ń fi tẹ ìwé ìròyìn ní Abẹ́òkúta láti 1859 kì í ṣe èdè tó fara pamọ́ sínú igbó.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé wọn kò rò ó. Àwọn tí wọ́n fẹ́ ta ẹ̀rọ fún ni wọ́n rò. Oníṣòwò ni wọ́n, ọjà wọn sì wà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ ẹ̀wọ̀n fún. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n mú ohun tó tọ́ fún ọjà wọn, wọ́n pè é ní ìlànà gbogbogbò, wọ́n sì fi í sí ibi tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò ti lè dé. Ọmọ tí kò tíì dé oko ẹlòmíràn rí ló máa ń sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti fara hàn tó Èjìgbò. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọmọ Èjìgbò ti sọ ilẹ̀ Côte d'Ivoire di ilé kejì. Ìran dé ìran ni wọ́n ti ń rìnrìn àjò lọ sí Àbíjàn láti ṣòwò, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń padà wá kọ́lé sí ìlú wọn. Ní ìgboro Èjìgbò, kò ṣòro láti gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àgbà àti ọmọdé, owó sefà sì ń ná nínú ọjà. Ẹ wá wo ohun tí àpótí Adobe ṣe fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ìwé tó bá kọ ní èdè Faransé yóò jáde láìsí àbùkù kan. C onírù rẹ̀ yóò pé, e alámì rẹ̀ yóò pé. Nígbà tó yá, wọ́n tilẹ̀ fi ìlà àga mìíràn kún un, ISOLatin1Encoding, níbi tí àwọn lẹ́tà Faransé wọ̀nyí ti ní àga tiwọn lódidi. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn kan náà bá fẹ́ kọ orúkọ ìyá tó bí i sórí ìwé ìsìnkú, ẹ̀rọ kan náà yóò gé ẹsẹ̀ orúkọ náà. Èdè tó lọ fi ṣòwò ní àga. Èdè tí wọ́n fi kì í ní oríkì dúró síta.

Àwọn kan yóò ní ohun kékeré ni, pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú oko, kí ó kà á. Bí àmì kò bá sí, ó lè jẹ́ oko tí wọ́n ń dá, ó lè jẹ́ ọkọ ìyàwó, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ilẹ̀, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀, ó lè jẹ́ ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù. Ó tún lè jẹ́ ohun kan tí àgbà kì í dárúkọ láàrin ọjà. Kí ó wá kọ gbólóhùn kan lórí ìwé ìsìnkú láti fi dágbére fún ọkọ rere. Kí ó mú orúkọ ìpínlẹ̀ náà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní Osun, ọmọ tí kò mọ ìtàn lè pè é ní osùn, èyí tí àwọn ìyá ń kùn mọ́ ọmọ lára. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 kì í ṣe ìpínlẹ̀ osùn. Orúkọ odò àti òrìṣà ló ń jẹ́. Kí ó dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, lágbègbè Èjìgbò, kí ó sì wo ohun tó kù lára orúkọ ìlú náà nígbà tí wọ́n bá yọ àmì márùn-ún tó wà nínú rẹ̀ sọnù.

Kì í ṣe ìwé ara ògiri nìkan ni. Ní 2013, ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá pín tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ní ìpínlẹ̀ náà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ dára púpọ̀: Ọpọ́n Ìmọ̀. Ọpọ́n ni babaláwo fi ń wá òye, tábúlẹ́ẹ̀tì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi wá tirẹ̀. Síbẹ̀, níbi púpọ̀ tí wọ́n ti kọ orúkọ yìí, Opon Imo ni wọ́n kọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n tìtorí ìmọ̀ ṣe kò rí orúkọ ara rẹ̀ kọ dáadáa lójú ayé. Bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìwé kò bá kọ orúkọ ìwé náà pé, kí ni ọmọ yóò rí kọ́?

Àwọn ọ̀nà àbùjá tí àwọn ènìyàn wá sì tún mú ọ̀rọ̀ náà burú sí i. Àwọn kan ń fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì, ìlà náà sì máa ń gé ẹsẹ̀ lẹ́tà tàbí kí ó sọnù nígbà tí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ibòmíràn. Àwọn kan ṣe fọ́ǹtì tiwọn, wọ́n yọ àmì owó tàbí àmì mìíràn kúrò lórí àga rẹ̀, wọ́n sì fi ṣ tàbí ọ rọ́pò rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ṣe é, ọ̀rọ̀ náà gún. Ní ilé ẹlòmíràn tí kò ní fọ́ǹtì náà, ìwé Yorùbá yóò di àkójọ àmì owó àti àmì ìbéèrè. Bí ìwé bá ti wà nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, tí fọ́ǹtì rẹ̀ sì sọnù, wàhálà ńlá ni kí ènìyàn tó tún rí i kà.

Ìhín ni àwọn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà yóò ti dìde pé ìjà àná ni èyí, pé Unicode ti yanjú gbogbo rẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò pé. Ní 1993, Unicode fún ẹ ní nọ́ńbà 1EB9, ó fún ọ ní 1ECD, ó fún ṣ ní 1E63. Ta ló bá Yorùbá bẹ̀bẹ̀? Ẹ àti ọ tó wà níbẹ̀ wà nítorí àwọn ará Vietnam, tí wọ́n ń fi tóótó abẹ́ lẹ́tà sàmì ohùn nínú èdè tiwọn. Ṣ wà nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń fi lẹ́tà Róòmù kọ èdè Índíà àti Lárúbáwá. Nínú ilé ẹlòmíràn ni Yorùbá ti rí ibi sùn.

Ẹ sì wo bí ilé ẹlòmíràn ṣe máa ń rí. Ní Vietnam, àmì abẹ́ lẹ́tà fúnra rẹ̀ ni ohùn, nítorí náà kì í bá àmì ohùn mìíràn pàdé lórí lẹ́tà kan. Ohun tí wọ́n nílò ni ẹ tó dé fìlà, ệ, ó sì ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. Ẹ́ àti ọ̀ ti Yorùbá kò ní. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀kan fún lẹ́tà, ọ̀kan fún àmì ohùn. Unicode sì ti ṣe òfin pé òun kò ní fún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní nọ́ńbà odidi mọ́. Àpótí mìíràn ti wọ́n tì pa nìyẹn. Ìlànà nọ́ńbà méjì náà ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì bá fara balẹ̀. Bí kò bá fara balẹ̀, àmì ohùn yóò fò kúrò lórí lẹ́tà, yóò lọ jókòó sórí èyí tó tẹ̀lé e. Ó sì ju ọ̀nà kan lọ tí ènìyàn lè gbà kọ ẹ́: ó lè mú ẹ kí ó fi àmì ohùn lé e, ó sì lè mú é kí ó fi àmì abẹ́ sí i. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ètò tí wọn kò kọ́ dáadáa, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà kìíní, tí wọ́n sì wá a lọ́nà kejì, wọn kò ní rí i.

Àti pé Unicode kò pa àpótí àtijọ́ rẹ́. PDF gbé StandardEncoding dání láti ilé baba rẹ̀. Ó tún fi ìlà méjì mìíràn tí wọ́n ti tò sílẹ̀ kún un, ti Windows àti ti Macintosh. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àmì abẹ́ lẹ́tà wà. Ètò tí ẹnikẹ́ni bá kọ lónìí láti máa tẹ ìwé owó tàbí ìwé ẹ̀rí, tó bá gba ọ̀nà tó yá jù, orí àga 1984 ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó wá yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti dun ọmọ Yorùbá jù ni pé ilẹ̀kùn kò fìgbà kan wà ní títì tán. Lóòótọ́, systemdict kò ṣe é kọ nǹkan sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkìtì. Láti òkè ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Lókè systemdict ni wọ́n gbé userdict sí, ìwé atúmọ̀ ti ẹni tó ń lo ẹ̀rọ, èyí tí kò ní àgádágodo. Ohun tí ènìyàn bá kọ síbẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ rí. Ẹni tó bá kọ StandardEncoding 256 array copy ti ní ẹ̀dà ìlà àga náà tó jẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá fi dup 201 /edotbelow put tẹ̀ lé e, ẹ ti jókòó sórí àga 201 nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, yóò fi ìlà tuntun náà dá fọ́ǹtì sílẹ̀ lórúkọ mìíràn. Edotbelow, odotbelow, sdotbelow: orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú àkójọ orúkọ lẹ́tà tí Adobe fúnra rẹ̀ gbé jáde.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, òun náà ló sì le jù: ẹnì kan gbọ́dọ̀ ya lẹ́tà náà sínú fọ́ǹtì. Fọ́ǹtì 13 ni LaserWriter kọ́kọ́ gbé wá, kò sì sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú ọ̀kan kan. Àga láìsí ẹni tí yóò jókòó kò wúlò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni yíya lẹ́tà, kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.

Àwọn ará Vietnam ni ẹ̀rí. Lẹ́tà 134 ni wọ́n nílò, àga òkè tí wọ́n fún wọn kò sì ju 128 lọ. Wọn kò sọ pé kọ̀ǹpútà kò gbà á. Ní 1992, àwọn ọmọ Vietnam tó wà lẹ́yìn odi kó ara wọn jọ, wọ́n ṣe ìlànà tí wọ́n pè ní VISCII, wọ́n fi lẹ́tà 128 kún gbogbo àga òkè, wọ́n sì mú 6 tó kù lọ sórí àga ìsàlẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àṣẹ ẹ̀rọ. Ìjọba orílẹ̀-èdè wọn náà ṣe ìlànà tirẹ̀ ní 1993. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe Unicode gbé ìwé jáde, wọn kò lè ṣe bí ẹni pé wọn kò rí wọn. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló ṣe èyí. Yorùbá tó wà ní London, ní Houston, ní Àbíjàn, kò kéré sí wọn níye, kò sì kéré sí wọn ní ìwé.

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Yorùbá kò ṣe nǹkan kan rárá. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá dá African Languages Technology Initiative sílẹ̀, wọ́n sì ṣe kíbọ́ọ̀dù tí ènìyàn lè fi tẹ Yorùbá pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù fún fóònù àti kọ̀ǹpútà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí. Fọ́ǹtì tó ní lẹ́tà Yorùbá wà lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí ló mú kí àwáwí àwọn tó wà nípò àṣẹ túbọ̀ ṣòro láti gbà. Irinṣẹ́ wà nílẹ̀. Kò sí ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n lò ó.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀. Ìjọba tó ń ra kọ̀ǹpútà, tó ń gbé iṣẹ́ ìtẹ̀wé fún agbaṣẹ́ṣe, lè fi ìlà kan ṣoṣo kún ìwé àdéhùn: pé ohun gbogbo tí wọ́n bá gbé wá gbọ́dọ̀ lè kọ Yorùbá pé, bí kò bá lè kọ ọ́, kò ní sanwó. Kò ní ná an ní kọ́bọ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ gba owó yóò wá fọ́ǹtì. Kí ó kọ́kọ́ fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe é, lórí pátákó ẹnu ọ̀nà àti lórí ìwé tó ń kọ.

Ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò ni ó tẹ̀lé e. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ìlú ti ń gba ìwé ẹ̀rí pé ọmọ ìbílẹ̀ ni òun. Ìwé tó ń jẹ́rìí pé ènìyàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ẹni náà bí àjèjì ṣe ń kọ ọ́. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó ní ọgbà ní Èjìgbò, àti àwọn yunifásítì yòókù ní ilẹ̀ Yorùbá, ń kọ́ ọmọ ní èdè kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n fi lẹ́tà Yorùbá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ sórí àga 201 kò ní gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ pé kò ṣe é ṣe.

Agbára tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sanwó fún ìwé àlẹ̀mọ́. Kò sí atẹ̀wé tó fẹ́ kí oníbàárà kọ iṣẹ́ sí òun lọ́rùn. Bí ìdílé mẹ́wàá ní Èjìgbò bá sọ pé àwọn kò ní gba ìwé ìsìnkú tí orúkọ òkú àwọn kò pé lórí rẹ̀, atẹ̀wé ìlú yóò mọ ibi tí ẹ wà lórí kíbọ́ọ̀dù kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ti wo ilé náà fínnífínní, tí wọ́n fi omi, oyin àti obì súre, tí wọ́n sì pe orúkọ ọmọ jáde láìyọ ohùn kan kúrò nínú rẹ̀. Ìtìjú ni bí orúkọ tó pé ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò bá pé mọ́ ní ọjọ́ ìsìnkú, nítorí pé ẹnì kan ní California gbàgbé láti fi nǹkan sórí àga tó ṣófo ní 1984, tí kò sì sí ẹni tó dìde nílé láti fi í síbẹ̀.

Systemdict wà nísàlẹ̀ òkìtì, yóò sì wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gbé lé e lórí ni ẹ̀rọ yóò máa kọ́kọ́ kà.